Ọmọrí Ìgò Kan

Wọ́n ní ìhòhò ni àgbàdo ń lọ sóko,
igba aṣọ ló ń wọ̀ bọ̀.
Falesi Kamwendo bi mí léèrè ọ̀rọ̀ náà:
ta ló rán aṣọ yẹn,
ta ló sanwó aránṣọ?

Ẹsẹ̀ òkè Dedza ni, ní Màláwì,
oṣù Kejìlá, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré.
Mo gun kẹ̀kẹ́ dé, ìwé ìjọba wà lábíyá mi,
ẹrẹ̀ pupa gùn mí dé orúnkún.
Ó wo ìwé náà, ó wo ojú mi,
ó ní, "Jókòó. O ò tíì jẹun."

Àpò ajílẹ̀ méjì ni kúpọ́ọ̀nù fún un,
ọ̀kan fún ìgbìn, ọ̀kan yúríà.
Ó ti bu ìdajì méjèèjì fún àbúrò ọkọ rẹ̀
tí ọmọ rẹ̀ wà lọ́sibítù.
Èyí tó kù, ọmọrí ìgò Fáńtà ló fi ń wọ̀n ọ́n,
ọmọrí kan fún ihò kan,
kò dà á lé irúgbìn lórí, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi í sí,
nítorí iyọ̀ yìí a máa jó gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ojú.
Ebè gígùn kan ló fò kọjá, kò fún un ní nǹkan kan.
Mo bi í pé kí ló dé.
Ó ní, "Ìwé tèmi nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwé náà ṣí.
Etí ewé ebè yẹn di elésè àlùkò.
Mo ní, "Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kò tó."
Ó ní, "Òtútù ló ń mú ẹsẹ̀ rẹ̀,
kò tíì rí bàtà wọ̀."

Nígbà tó yá, ewé ìsàlẹ̀ pupa rúsúrúsú,
láti ṣóńṣó, ó ń gba àárín ewé wọlé bí ahọ́n iná,
ewé òkè sì tutù yọ̀yọ̀.
Mo ní, "Nitirójìn."
Falesi bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka gbé ewé gbígbẹ náà.
"Ìyá ni èyí.
Oúnjẹ tán nílé, ó bọ́ tara rẹ̀ fún ọmọ tó wà lókè."
Mo rántí ọdún ìyàn,
ìyá mi ní òun ti jẹun kí a tó dé láti ilé ìwé.
Mi ò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ìwé mi ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni kí wọ́n fún un ní yúríà.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin pé, ilẹ̀ gbẹ bí àpáta.
Biswick aládùúgbò dà tirẹ̀ sílẹ̀ gbalaja lọ́sàn-án gangan;
nígbà tí òjò máa fi dé, òórùn rẹ̀ ti gba imú gbogbo wa,
owó Biswick ti di afẹ́fẹ́.
Falesi fi tirẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó ń wo ìkùukùu.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ilẹ̀ rọ̀.
Ó fi ọ̀pá gbẹ́ ihò, ó wọ̀n ọ́n, ó fi erùpẹ̀ bò ó
bí ẹni tó ń da aṣọ bo ọmọ tó sùn.
Eérú ààrò pẹ̀lú, agbọ̀n mẹ́ta,
nítorí àwọn kan tí etí ewé wọn ń jó.

Àgbàdo yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Àgbàdo yọmọ.

Oṣù Kẹrin ni mo padà dé.
Ọmọ àgbàdo ebè tí a kò bọ́ kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
orí rẹ̀ pá, kóro rẹ̀ ṣe wẹ́gẹwẹ̀gẹ.
Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó yó,
ó ń bó háríhá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á fún mi:
"Èyí, kúpọ́ọ̀nù. Èyí, òjò.
Èyí, eérú. Èyí, ọmọrí Fáńtà.
Èyí, òru tí mi ò sùn."
Kò pé igba. Mọ́kànlá ni.
"Ó tó," ó sọ bẹ́ẹ̀,
ó sì gbé omi kaná.